Adúmáradán Ní Oníbàárà Òun Ni Mí

                                        Yàrá Òkè,
                                        Ilé tó kọjú sí ilé epo.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ìparí oṣù kẹsàn-án.

Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Baálé ilé ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àgbà tó ń ṣe ìdánwò? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín ní ìdúró, kó má bá ẹnikẹ́ni ní ìdùbúlẹ̀. Má wo ìkọ̀wé mi tó rí wágunwàgun bí ipa ẹsẹ̀ adìyẹ. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ ọ́, ohun tó sì fà á ni mo fẹ́ sọ. Ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún, torí ìwọ nìkan ló mọ èmi àti Adúmáradán láti ìgbà tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń kọ́ṣẹ́ alágbàfọ̀ lábẹ́ ọ̀gá kan, tí a jọ ń sùn sórí ẹní kan.

O ṣáà mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn mi ti wà lẹ́yìn mi. Nígbà tó ń ṣí ilé ìfọṣọ yẹn, èmi ni mo bá a fọ ilẹ̀, tí mo bá a gbé ẹ̀rọ wọlé. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì gbogbo òtẹ́ẹ̀lì tó ń gbéṣẹ́ fún un, ọwọ́ mi ló ń gbà kọjá. Ẹ̀rọ ìlọṣọ ńlá kan wà níbẹ̀ tó ní ìdérí bí àpótí. Èèyàn á tẹ́ aṣọ sí i, á fẹsẹ̀ tẹ irin kan mọ́lẹ̀, ìdérí á sì balẹ̀ tòun ti ooru. Irin tó yẹ kó máa dá ìdérí náà dúró tí ọwọ́ bá wà lábẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́. Mo sọ, mo tún un sọ. Ohun tí Adú máa ń wí ni pé, "Abẹ́rẹ́, ìwọ tóo mọṣẹ́ tó báyìí, kí lo fẹ́ fi irin ṣe?" Èmi náà á rẹ́rìn-ín, orí mi á wú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìdérí náà já lé mi lápá ọ̀tún. N kò ní ṣàpèjúwe rẹ̀, mo mọ bí inú rẹ ṣe máa ń rú. Ká má purọ́ mọ́ ọ̀rẹ́ ẹni, Adú ló yọ mí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé ìdérí gbígbóná náà, tó gbé mi sínú ọkọ̀, tó ń sunkún ju èmi tí mo jóná lọ. Ní ọsibítù, ó ń pariwo mọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pé, "Ẹ ṣe gbogbo ohun tó bá yẹ fún un! Ẹ má wo ti owó!" Wọ́n gé awọ níbi itan mi, wọ́n fi lẹ apá. Òun ló ń wẹ̀ mí, tó ń fi ṣíbí bọ́ mi. Ọkàn mi sì balẹ̀ ní ti owó ìtọ́jú, torí ó pẹ́ tó ti sọ fún gbogbo wa pé òun ti fi orúkọ wa sínú ètò adójútòfò ìlera, tó sì ń yọ díẹ̀ nínú owó oṣù wa nítorí rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo dijú, àmọ́ n kò sùn. Akọ̀wé tó ń rí sí owó ní ọsibítù wá bá a lẹ́yìn kọ́tìnnì bẹ́ẹ̀dì mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, a wá orúkọ aláìsàn yìí nínú ètò adójútòfò, a ò rí i. Ṣé òṣìṣẹ́ yín ni?"

Ẹlẹ́rìn-ín, mo ń retí kó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Rárá o," ni Adú wí. "Oníbàárà mi ni. Ó wá gba aṣọ rẹ̀ ni, ló bá lọ fọwọ́ kan ohun tí kò mọ̀ ọ́n lò."

"Ta ni yóò wá sanwó, mà?"

"Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀."

Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, kò lọ́ tìkọ̀. Èmi tí mo lè fi ojú dídì lo ẹ̀rọ yẹn! Nígbà tó padà wọlé sọ́dọ̀ mi, ó fa aṣọ bò mí lẹ́sẹ̀, ó ní, "Sùn dáadáa, ọ̀rẹ́ mi." Ìyẹn gan-an ló dùn mí ju ọ̀rọ̀ tó sọ fún akọ̀wé lọ.

Mo bi í lọ́jọ́ kejì. Kò jiyàn. Ó ní kí n rẹ ohùn sílẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun kò san owó adójútòfò kankan fún ẹnikẹ́ni rí, gbèsè ẹ̀rọ lòun ń fi ohun tí òun ń yọ lọ́wọ́ wa san. Ó ní tí òun bá pè mí ní òṣìṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ilé iṣẹ́ wò á dé, wọn á ti ibẹ̀ pa. "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, Abẹ́rẹ́. Lábẹ́lẹ̀, èmi ni n ó san gbogbo rẹ̀."

Mo gbà. Má bú mi, ọ̀rẹ́ mi ló sọ ọ́, ni mo ṣe gbà. Ó jáde lọ, kò padà wá mọ́. Mo pè é lórí fóònù títí, kò gbé e.

Nígbà tí dókítà ní kí n máa lọ sílé, owó tí wọ́n gbé ka iwájú ọkọ mi ju ohun tí àwa méjèèjì ń rí lọ́dún kan lọ. O mọ̀ pé iṣẹ́ kíkun ilé ni ọkọ mi ń ṣe, ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, kò síṣẹ́ nìyẹn. Àwọn ọsibítù ní n kò lè jáde láìsanwó. Wọ́n gba bẹ́ẹ̀dì fún ẹlòmíràn, wọ́n fún mi ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo sì jókòó síbẹ̀ bí ẹrù tí ẹni tó ni ín kò tíì dé. Mo sọ òótọ́ fún akọ̀wé náà. Ó gbọ́ mi, ó ní kí n mú ẹnì kan wá tó lè jẹ́rìí sí i. Ọkọ mi lọ sí ilé ìfọṣọ. Ìyá tó ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lójoojúmọ́, tí a jọ ń mu omi nínú ife kan, ló wo ọkọ mi lójú tó ní, "Mo máa ń rí wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan." N kò bá ìyẹn bínú, ẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ ló bà á. Ti Adú ni n kò rí ibi gbé e kà.

Ọkọ mi ta alùpùpù tí wọ́n fi ń gbé ọ̀dà lọ síbi iṣẹ́. Àbúrò mi yá wa díẹ̀. Akọ̀wé náà bá wa bẹ ọ̀gá rẹ̀ kí á máa san ìyókù lóṣooṣù. Bí mo ṣe délé nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Adú dé. Ó gbé báàgì owó ka orí tábìlì. Kì í ṣe gbogbo owó náà, àmọ́ ì bá jẹ́ ká mí. Ó ní àwọn tó ń yẹ ilé iṣẹ́ wò ti gbọ́ fìnrìnfìnrìn, wọ́n sì ń bọ̀ wá bi mí. Kí n ṣáà ti sọ fún wọn pé oníbàárà ni mí.

Ọkọ mi wo owó, wọ́n sì wò mí.

Mo ní, "Adú, àwa mẹ́ta péré ló wà níbí, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ níta. Sọ fún bàbá àwọn ọmọ mi: kí ni mò ń ṣe nílé ìfọṣọ rẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?"

Ó wo ilẹ̀kùn. Ó ní, "Kí nìyẹn máa yí padà báyìí?"

Mo ní kó gbé owó rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, bí ọkọ mi ṣe ń bá mi pààrọ̀ aṣọ ojú ọgbẹ́, wọ́n ní, "Èmi ì bá gbà á. Ṣùgbọ́n o ò jẹ̀bi." Nígbà tí àwọn tó ń yẹ ilé iṣẹ́ wò náà dé, mo sọ ohun gbogbo bó ṣe rí. Wọ́n ti fi àgádágodo sí ẹ̀rọ yẹn lára, wọ́n ní àwọn máa pè wá. Kò tíì sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ fún wa o, a ṣì ń san tiwa lóṣooṣù.

Mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ ló kàn tí yóò wá. Má bá a jà. Fún un ní àga, gbọ́ tẹnu rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ ni òun náà. Ṣùgbọ́n má bá a wá bẹ̀ mí. Wọ́n ní ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Kì í ṣe títa ata ló ń pa mí lẹ́kún, bí kò ṣe pé ó mọ̀ pé ata ni kó tó fi sẹ́nu.

Bá mi kí baálé rẹ, kí wọ́n rọra máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí ẹ̀yìn wọn. Sọ fún ọmọ wa tó ń ṣèdánwò pé kó máa sùn, ìwé kì í wọ orí tó ti rẹ̀.

Mo ti fẹ́ pa ìwé yìí dé, àmọ́ jẹ́ kí n sọ èyí. Lánàá, mo dá wà nílé, mo tú aṣọ ojú ọgbẹ́, mo wo apá mi dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹkún gbọ̀n mí. Mo gbé fóònù, mo pe ẹni tí mo máa ń pè tí nǹkan bá dùn mí. Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn Adú ni mo tó rántí.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó kù,
Abẹ́rẹ́.