Òòrùn Ìwó Inú Fóònù

Tesleem Àkànní ọmọ mi,

Àṣàlámù àlékùn. Ṣé ara le? Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí etí mi kò lè gbà nípa rẹ. Àwa náà wà, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, bàbá rẹ ṣì wà lórí ibùsùn tí àìsàn rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀ sí.

Salamot, ọmọ Ìyá Láyọ̀, tó ti Johannesburg wálé wá ṣe Iléyá, ló tú àṣírí rẹ. Ó ní àsìkò òjò tiwa yìí ni òtútù ń pa èèyàn lọ́dọ̀ yín, pé o ra hítà tí ń mú yàrá gbóná, o wá fi aṣọ bò ó bí òkú, kóòtù àti fìlà lo sì fi ń sùn. Ó ní o sọ pé bí o bá tàn án, yóò jẹ owó iná tí ò ń fi ránṣẹ́ sí wa. Mo jókòó nílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún.

Ó ní nọ́ńbà lẹ ń tẹ̀ sára àpótí kan lára ògiri kí iná tó dé. Kí ló dé tí o kò tẹ nọ́ńbà fóònù mi, nọ́ńbà olóríire tí mi ò fi gbọ́ ìròyìn ikú rí? Mo tún ní kí Rùfáì tó ń tún fóònù ṣe bá mi ya fídíò òòrùn ọ̀sán gangan, kó pẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Nígbà tó fi ṣe tán, fóònù ti gbóná débi pé mi ò lè dì í mú, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ooru ti wọ inú rẹ̀. A ti fi ránṣẹ́. Gbé e lé àyà kí o tó ṣí i, kí ooru má baà sá jáde. Salamot rẹ́rìn-ín títí, n kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Mo wá pa fáànù, pé kí iná yẹn padà sọ́dọ̀ rẹ. Kò pẹ́ tí bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ páànù, òógùn bò ó, ẹnu rẹ̀ tó ti wọ́ kò lè pè mí. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó nílé bú mi, ó ní ooru ni yóò pa á bí mo bá tún dán an wò. Mo sáré tàn án padà. Àwọn àgbà ní bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Òwe yẹn kò wúlò fún mi, Àkànní. Èmi kọ́ niná ń jó, ọkọ mi ni ooru fẹ́ pa, ọmọ mi ni òtútù ń pa.

Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí pé má fi owó ránṣẹ́ mọ́, kí o fi yáná. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo pa á rẹ́. Owó iná tí o fi ránṣẹ́ gbẹ̀yìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Fi owó ránṣẹ́, ọmọ mi, dákun. Ọlọ́hun tó sọ iná di tútù fún Ànábì Ibúráhímà, yóò sọ òtútù di lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ọ.

Èmi ni, ìyá rẹ.