Àkísà Pupa Tí Mo Máa Ń So Mọ́ Sìtíárìn

Olóòtú wa, mo kí yín, mo kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo àṣírí, ẹ má dárúkọ mi.

Mẹkáníìkì ni mí. Ọkọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ ò bá tíì parí, mo máa ń so àkísà pupa mọ́ sìtíárìn rẹ̀. Gbogbo oníbàárà mi ló mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo ń tún bíréèkì ọkọ̀ Bàbá Ìbejì ṣe. Ó ku ọ́ìlì bíréèkì, mo bá sáré lọ rà á. Kí n tó dé, ó ti wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Bíréèkì ò mú. Ó kọlu obìnrin télọ̀ kan lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ obìnrin náà sì kán.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Bàbá Ìbejì búra pé òun ò rí àkísà kankan. Àwọn ará àdúgbò pariwo lé e lórí: "Irọ́ lẹ ń pa! Ọdún méjìlá ni mẹkáníìkì yìí ti ń so ó, kò gbàgbé rí!"

Ìyàwó mi ló rí àkísà náà nínú àpò ṣòkòtò iṣẹ́ mi. Mo ti fi nu ọwọ́ nígbà tí mo ń sáré lọ ra ọ́ìlì, mo sì gbàgbé láti so ó mọ́ sìtíárìn.

Ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ má sọ̀rọ̀. Ta ló ní kó wa ọkọ̀ láìbéèrè?"

Lóòótọ́, kò béèrè. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló máa dúró níwájú adájọ́ lọ́jọ́ Ajé. Ìyàwó mi ti fọ àkísà náà, ó ń gbẹ lórí okùn báyìí. Ẹ̀yin ará, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa ká a, kí ẹ mú un lọ sí kóòtù?