Ọjọ́bọ̀ Bàbá Yín Nínú Yìnyín

Kubat ọmọ mi, àti Gulzina ìyàwó wa, àti Aiperi ọmọọmọ mi tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí nítorí ẹ̀yin ò ráyè, mo kí yín o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé ẹran yín ń jẹko dáadáa? Áà, mo gbàgbé, ẹ ò lẹ́ran. Ṣé fíríìjì yín ń ṣe dáadáa? Òun nìkan ni mo rí nínú ilé yín tí ẹ ń bọ́ dé ọrùn. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí orúnkún yín dùn yín bíi tèmi. Àmín.

Níhìn-ín, abo ẹṣin pupa wa ti bímọ, akọ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bíi ti àbúrò bàbá yín. Sabira aládùúgbò wa kí yín, ó ní kí n bi yín bóyá lóòótọ́ ni mo dáná sun ilé yín, ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀ kí n má banú jẹ́, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo ní ilé kankan ò jó, èéfín lásán ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ̀wé yìí, kí n fẹnu ara mi ro ẹjọ́ mi.

Kubat, ohun tí mo kọ́kọ́ rí nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ yín ní Bishkek ni ìwé tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn fíríìjì, oúnjẹ ọjọ́ méje wà níbẹ̀ pátá. Mo rò pé ìjọba ló fi ránṣẹ́, bíi ti ayé oko ìjọba tí wọ́n ń wọn búrẹ́dì fún wa. Mo rọra bi Gulzina pé ẹ̀ṣẹ̀ wo lẹ ṣẹ̀ wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Apa, ìyá wa, àwa fúnra wa la kọ ọ́, obìnrin kan nínú fóònù ló ń kọ́ àwọn ìdílé tí ọwọ́ wọn dí pé kí wọ́n se oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n pín in sínú ike, kí wọ́n kó o sí fírísà. Ó fi obìnrin náà hàn mí. Mo kí i tọmọtọmọ, tẹrantẹran, kò dá mi lóhùn, ẹ̀rín ló ń rín, ó ń gé kárọ́ọ̀tì lọ. Mo yáa gbà pé ìyá ọkọ gbogbo ìlú Bishkek ni, torí ta ló tún ń pàṣẹ nínú ilé ìdáná onílé láìkí èèyàn?

Gulzina ní ìwé yẹn ń bá àwọn fi wákàtí méjì pamọ́ lójoojúmọ́. Ọmọ mi, mo wá wákàtí wọ̀nyẹn. Mo wo ẹ̀yìn fírísà, mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tí ẹ bá jẹun tán, ìwọ a tẹjú mọ́ fóònù tìrẹ, ìyàwó a tẹjú mọ́ tirẹ̀, Aiperi a tẹjú mọ́ tirẹ̀, mo sì wá rò pé bóyá inú wọn lẹ kó o sí.

Ṣùgbọ́n mi ò ṣàròyé, nítorí mo rí ike kan tí wọ́n kọ Ọjọ́bọ̀ sí. Orí mi wú, omi bọ́ lójú mi. Ìwọ náà mọ̀ pé gbogbo Ọjọ́bọ̀ la máa ń gbé òróró kaná tí a sì ń dín ìyẹ̀fun, kí òórùn rẹ̀ lè jáde bá àwọn òkú wa, torí òórùn nìkan ni wọ́n ń jẹ, ẹnu ilẹ̀kùn ọmọ wọn ni wọ́n sì ń wá a wá. Láti ọdún mẹ́ta tí bàbá yín ti lọ, mi ò pa á jẹ rí. Mo rò pé ike tirẹ̀ nìyẹn, mo sì ṣàdúrà fún ìyàwó wa.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, ẹ ti jáde lọ, mo ṣí ike, mo gbé e sójú fèrèsé. Kò rùn. Ẹ̀wà ni, ó le bí òkúta. Mo gbóòórùn rẹ̀ títí imú mi fi fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Àánú bàbá yín ṣe mí, ọkùnrin tí kì í mu tíì tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó gun àtẹ̀gùn àjà mẹ́sàn-án kó wá bá yìnyín. Ni mo bá yọ́ ọ̀rá ìrù àgùntàn tí mo dì wá láti ilé, mo da ẹ̀wà sí i. Òórùn sọ, èéfín gbalé. Kíá, nǹkan funfun róbótó tó wà lókè àjà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo ní Asanaly, ọkọ mi, mo ti gbọ́, jẹun, má pariwo mọ́.

Àwọn aládùúgbò yín bá ń rọ́ wọlé, ọ̀kan gbé korobá omi dání. Mo ní ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó. Ta ló ń lé àlejò? Mo yọ́ Jímọ̀, mo gbé e síwájú wọn, nígbà tó tán mo yọ́ Àbámẹ́ta. Ìyá àgbà kan láti àjà kẹrin ní ọdún mẹ́fà lòun ti wà nínú ilé yẹn, òun ò tíì dé yàrá yín rí. Ó sunkún díẹ̀, ó tún bu Àbámẹ́ta sí i.

Gulzina dé, ó wo fírísà, ó wò mí, ó ní Apa, ọ̀sẹ̀ mi dà? Mo ní a ti jẹ ẹ́. Kò bú mi. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní Ọjọ́ Àìkú nìkan lòun ní, òun sì ti fi sè é. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn láti ìgbà tí mo ti padà délé. Mi ò mọ̀ pé ìsinmi ọmọ ọlọ́mọ ni mo ń bù fún àlejò. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé kò ní fẹ́ rí mi mọ́, àti pé bàbá yín á máa gun àtẹ̀gùn lásán.

Àfi bí Sabira ṣe sáré wọlé lánàá, ó ní Gulzina fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù òun. Ìwé fíríìjì tuntun ni. Ní Ọjọ́bọ̀, kò kọ ike síbẹ̀. Ó kọ ọ́ pé òróró gbígbóná, ìyẹ̀fun díndín, ti Ata, bàbá yín, ni, Kubat ni yóò dín in. Mo ní kí Sabira tún ìlà tó kẹ́yìn kà. Bàbá yín ò fọwọ́ kan páànù rí títí ó fi kú, ẹnu á yà á.

Tówó bá wà, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra òróró, kí o sì ra àga kan fún ìyá àgbà àjà kẹrin, torí mo ti sọ fún un pé gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni kó máa wá jẹun. Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ Gulzina, á sì fún un ní Ọjọ́ Àìkú tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí èmi náà bá lọ, ẹ má wá ike fún mi. Ẹ kọ orúkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá yín, kí ẹ jẹ́ kó gbóná.

Èmi ni ìyá yín, Burul.