Igi Kékeré Inú Fáólìn

Ọmọ mi obìnrin,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìdúró, jókòó. Bí ó bá bá ọ lórí ìjókòó, má tíì dìde. Ara wa le, àdúrà wa sì ni pé kí tìẹ le ju tiwa lọ. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, wọ́n ti bá a yọ eyín tó ń dùn ún, ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ò sunkún.

Fáólìn tí o fi rán awakọ̀ dé ọwọ́ mi. O ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ṣí, kí n fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n máa dán ọ wò fún iṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ olórin. Mo lẹ̀ ẹ́, ìyẹn ò le rárá. Àmọ́ bí mo ṣe yọjú wo ihò ikùn rẹ̀, mo rí igi kékeré kan, kò ju ìka ọwọ́ lọ, tó dá dúró nínú ibẹ̀ láìsí gúlúù, láìsí ìṣó. Ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe káfíńtà, mo mọ igi tí ọ̀lẹ gbàgbé sínú àpótí. Mo fi wáyà fà á yọ, ìyá rẹ sì fi dáná. Ìgbà tí mo wá ha á wò, ohùn rẹ̀ ń jáde bíi ti ẹni tó fi aṣọ dínu.

Ni mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ tó wà lójúde wa, nítorí fóònù ńlá tó ní. Ó bá mi wá ọkùnrin kan tó ń ṣe fáólìn jáde nínú rẹ̀. Mo kí i, kò dáhùn. Mo ní kò burú, àgbà ò torí ìkíni jà. Télọ̀ ń túmọ̀ fún mi. Ó ní ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, ó ti tó nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún, pé igi iwájú rẹ̀ fúyẹ́, tẹ̀yìn le, okùn rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, irun ìrù ẹṣin ni wọ́n sì fi ń ha á. Mo bi ọkùnrin náà pé kí ló dé tí wọn ò sàmì sí ọrùn rẹ̀ níbi tí ìka máa tẹ̀, ṣé kí n bá ọ kan ìṣó kéékèèké sí i, kò tún dá mi lóhùn. Ìgbà tó dé orí igi kékeré yẹn, ó ní ọkàn ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, òun ló ń gbé ohùn láti iwájú lọ sẹ́yìn. Yéè! A ti fi ọkàn fáólìn ọmọ mi dáná! Télọ̀ tẹ fóònù, ọkùnrin náà tún gbogbo ọ̀rọ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹjọ, kò sì bínú. Tí o bá rí i nígboro, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń retí àga, kó máa retí. Mo gé igi fúyẹ́fúyẹ́ lára àpótí tí wọ́n fi kó gíláàsì wá, mo gbẹ́ ẹ, ó gùn jù. Mo gbẹ́ òmíràn, ó kúrú. Mọ́kànlá ló bàjẹ́. Ìyá rẹ ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò kan, èmi ń fi wáyà ti igi gba ihò kejì. Ó ní ká jẹun, mo ní oúnjẹ ò ní kan ẹnu mi àfi tó bá dúró. Ìkejìlá dúró! Mo ha á, ìyá rẹ ní ó ti dún bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ebi ń pa ìyá rẹ, mi ò lè gbára lé ẹ̀rí rẹ̀.

Èmi fúnra mi ni n ó gbé e wá ní Ọjọ́rú. Fi owó ọkọ̀ ẹni méjì ránṣẹ́, nítorí mi ò ní jẹ́ kí wọ́n jù ú sí búùtù. Télọ̀ ní kó o fi owó náà ránṣẹ́ sórí fóònù òun; jọ̀ọ́, dì í dáadáa kó má bàa já bọ́ lọ́nà.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbọ̀n lọ́jọ́ náà, orúkọ rẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè. Ẹnu ọ̀nà ni n ó dúró sí. Bí fáólìn bá kọ̀ tí kò dún re, má sunkún lójú wọn, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé o ò mọ̀ ọ́n. Sọ fún wọn pé bàbá rẹ ló bà á jẹ́, ó wà níta, kí wọ́n jáde wá bá mi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.