Bí Mo Ṣe Ṣeré Ìyá Tó Filé Sílẹ̀

Ajégúnlẹ̀,
Àpápá, Èkó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì, ọdún 1989.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ọ̀nà jíjìn. Mo lérò pé ara yín le, pé ẹ̀yìn kò dùn yín mọ́, àti pé Àǹtí Bernice tí ẹ ń gbé lọ́dọ̀ wọn àti àwọn ọmọ wọn wà ní àlàáfíà. Bí ẹ bá ń béèrè wa, a wà. Lucky àbúrò mi ti ga, ṣòkòtò ilé ìwé rẹ̀ ti di ṣòkòtò agbábọ́ọ̀lù. Èmi náà ti ga débi pé bí mo bá nàró ní àgbàlá, mo ń rí erékùṣù Snake Island lódì kejì omi láìgun nǹkan kan. Bàbá wà, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ̀rọ̀.

Àǹtí Eucharia tó ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé tiwa ló fún mi ní àdírẹ́sì yín. Wọ́n ní àwọn rí yín ní Ṣapẹlẹ nígbà ọdún Kérésì, pé ẹ ń se ìrẹsì fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ pákó, àti pé ẹ béèrè wa títí ojú yín fi pọ́n. Inú mi dùn. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.

Ilé yìí ti dákẹ́ jù, Màmá. Ẹ rántí pé bí ẹ bá ń ṣa ẹ̀wà ní ìrọ̀lẹ́, èmi a máa sín àwọn ará àdúgbò jẹ fún yín: bí lánlọ́ọ̀dù ṣe ń rìn bí ẹni tó ń bá ilẹ̀ jà, bí Ìyá Sẹ̀kínátù ṣe ń pọnmi bí ẹni tó fẹ́ fa ọ̀sà gbẹ. Ẹ ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà á fi dà nù. Mo ṣì ń sín wọn jẹ, ṣùgbọ́n bí Lucky bá ti rẹ́rìn-ín ẹ̀ẹ̀kan, á ní oorun ń kun òun. Nígbà mìíràn ògiri ni mo ń ṣe é fún.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí ni eré tí a ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bùrọ̀dá Timothy tó ń kọ́ àwa ọ̀dọ́ ní eré ló kọ ọ́. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀ tó fi ọkọ àti ọmọ sílẹ̀, tó bá atukọ̀ kan lọ nítorí ayé jíjẹ. Wọ́n wò wá yíká, wọ́n ní, “Ṣayọ̀, ìwọ lo máa ṣe obìnrin yẹn. Ojú ẹ le.” N kò mọ̀ bóyá wọ́n ti gbọ́ ohun tí àwọn ará ilé wa ń sọ nípa yín, pé atukọ̀ lẹ bá lọ. N kò bi wọ́n.

Ẹ mọ eré ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ènìyàn burúkú kì í dé kí ìjọ máà dá a mọ̀ kó tó lanu. Ọkùnrin burúkú a mú sìgá tí kò níná lọ́wọ́, obìnrin burúkú a jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Èmi wá jẹ ṣingọ́ọ̀mù débi pé wọ́n ń gbọ́ ọ ní Kirikiri. Ìtọ́tè mi pọ́n débi pé ọkọ̀ ojú omi lè fi ṣàmì wọ èbúté. Bí mo bá ju ìdí, àga á ṣubú. Dorothy tá a jọ ń ṣeré ní, “Ṣayọ̀, o mọ̀ ọ́n ṣe jù, àfi bíi pé wọ́n bí i mọ́ ẹ.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ń lọ sílé, ó ń ṣe mí bíi kí n já gbogbo irun orí Dorothy.

Lọ́jọ́ eré, ṣọ́ọ̀ṣì kún bámúbámú. Bàbá jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú Lucky. N kò rò pé wọ́n máa wá, torí láti ìgbà tí iṣẹ́ ẹrù kíkó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ní èbúté Kirikiri, wọn kì í fẹ́ kéèyàn rí wọn. Mo kọ́kọ́ jẹ ṣingọ́ọ̀mù mi, ìjọ rẹ́rìn-ín, ọkùnrin kan pariwo pé, “See as she dey waka! Oga husband, lock your door!” Ó wá kan ibi tí obìnrin náà á ti lọ. Ohun tí Bùrọ̀dá Timothy kọ ni pé kí n gbé báàgì, kí n yínmú sí Uche tó ṣe ọkọ mi, kí n ní, “Ìyà yìí ti sú mi, mo ń lọ jayé orí mi.” Mo gbé báàgì. Mo rí ojú Lucky láàárín èrò. Mo gbé báàgì sílẹ̀, mo tu ṣingọ́ọ̀mù sọ́wọ́.

Màmá, ohun tí ẹ ṣe ni mo ṣe. Mo fọ aṣọ ilé ìwé tí kò sí lọ́wọ́ mi, mo fún un, mo sá a sórí okùn tí kò sí níbẹ̀. Mo ká ìbọ̀sẹ̀ ní méjì-méjì. Mo da gààrì tó kù sínú abọ́ ọmọ, mo gbọn agolo náà, n kò fi kan ẹnu. Mo wá sọ fún ọmọ tó ṣe ọmọ mi pé, “Tí òjò bá ṣú, kó aṣọ wọlé o. Má jẹ́ kí ti àbúrò ẹ rin.” Mo jáde. N kò ju ìdí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Philomena tó ń ta kẹrosíìnì, tó jẹ́ pé òun ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nínú ìjọ, fi ìborùn bojú.

Bùrọ̀dá Timothy bínú. Wọ́n ní, “O ba ẹ̀kọ́ inú eré jẹ́. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mo kọ, ìwọ sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń káàánú.” Mo ní, “Ẹ má bínú, Bùrọ̀dá. Ẹ ò kọ ohun tí wọ́n jẹ lálẹ́ àná ọjọ́ yẹn síbẹ̀.”

Bàbá ló ṣíwájú wa délé. Mo ti múra ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì sílẹ̀ fún ìgbátí. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní, “Ṣé bó ṣe ṣe é nìyẹn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní, “Ó fọṣọ?” Mo ní gbogbo rẹ̀, sà, títí kan síńgílẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ rántí pé wọn ò sí nílé lọ́jọ́ náà, ẹnu géètì èbúté ni wọ́n lọ dúró sí bóyá iṣẹ́ òòjọ́ á yọ. Wọ́n wá ní, “Mo ṣe bí ìbínú ló fi lọ.”

Lọ́jọ́ kejì, lánlọ́ọ̀dù tún bẹ̀rẹ̀ àwàdà wọn nídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n ní kí Bàbá bá àwọn kí atukọ̀. Àtẹ̀yìnwá, ńṣe ni Bàbá máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n dúró, wọ́n ní, “My wife no follow any sailor. Na me no bring food come house.” Wọ́n gbé korobá wọn, wọ́n wọlé.

Ọ̀rọ̀ tó kù rèé. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní GRA gbọ́ nípa eré náà, wọ́n ní ká wá ṣe é fún àwọn ní ọdún Àjíǹde. Bùrọ̀dá Timothy ti gbà kí aṣọ fífọ̀ dúró, ṣùgbọ́n wọ́n fi apá kan kún un: obìnrin náà á padà wálé, á kúnlẹ̀, á sunkún, akọrin á dá orin. A ti dán an wò títí orúnkún mi fi bó. Irọ́ ló ń jọ lójú mi. Wọ́n ní bí n kò bá lè ṣe é, àwọn á gbé e fún Dorothy. Mo sọ fún wọn pé mo mọ bó ṣe lọ torí mo rí i. Bó ṣe máa wọlé ni n kò tíì rí. N kò mọ̀ bóyá á kan ilẹ̀kùn, tàbí á kàn gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bí ẹni tó lọ pọnmi. N kò mọ̀ bóyá òun ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ tàbí ọmọ. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n kí ọdún Àjíǹde tó dé, Màmá. N kò ní kí ẹ kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà wọlé.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín nídìí iná tí ẹ ti ń dáná, kó fi okun sí apá yín, kó má jẹ́ kí a di àlejò síra wa.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi,
Ṣayọ̀.

Mo gbàgbé o: Bàbá rí mi níbi tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Wọn ò béèrè ẹni tí mo ń kọ ọ́ sí. Wọ́n kàn ní bí àyè bá ṣẹ́kù nísàlẹ̀, kí n bá àwọn kí yín. Àyè ṣẹ́kù.