Ọjọ́ Ìparí Tí O Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

Ìlárá-Mọ̀kín,
Ọjọ́bọ̀, kí oòrùn tó mú.

Yéjídé ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o jí ní Ijapo, ní Àkúrẹ́ níbẹ̀ yẹn? Ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò gba gbogbo okun rẹ? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí òjò ìjẹta ṣí òrùlé wa lọ kò ní jẹ́ kí ohun burúkú kàn ọ́. Orúnkún mi ti fúyẹ́, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, gbogbo ará ilé ló ní kí n kí ọ. Inú mi ń dùn débi pé n kò lè jókòó, orí ìdúró ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí lórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Láti ọjọ́ tí o ti sọ fún mi pé ìwọ àti àwọn dókítà kan láti Àkúrẹ́ fẹ́ lọ tọ́jú aláìsàn ní Sàró láìgba kọ́bọ̀, ẹnu mi kò sinmi. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ lọ́jà, mo sọ ọ́ fún ẹni tó wá já iná wa. Nígbà tí o wá ní kí n bá ọ kó báńdéèjì, ìbọ̀wọ́, òwú àti ọ̀pá ìtilẹ̀ jọ, mo gbé tábìlì síwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, mo sì tẹ́ fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́ lé e lórí. Èrò pọ̀ bí ọjọ́ ìkórè!

Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù rẹ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé: orúkọ ẹni tó mú nǹkan wá, ohun tó mú wá, ọjọ́ ìparí. Bí mo ṣe ka èyí tó gbẹ̀yìn sókè báyìí, ojú gbogbo wọn yí padà. Ìyá Precious, aládùúgbò wa, ló kọ́kọ́ gbé páálí òwú rẹ̀ padà, ó ní àánú lòun wá ṣe, òun ò wá dá ọjọ́ ikú òun. Ni àwọn èèyàn bá ń tẹ̀lé e. Àwọn díẹ̀ ló dúró. Bàbá Rufus, tó ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, bi mí pé ṣé ìjọba Sàró ló fẹ́ mọ̀ ni, mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀, torí ìlú òkèèrè kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ láìbéèrè. Bàbá ronú títí, wọ́n ní kí n kọ oṣù Kejìlá, kí àwọn ọmọ wọn lè ráyè wálé. Mo ní ká má rí i! Mo fi àdúrà kọ ọgọ́fà ọdún fún gbogbo wọn. Bí o bá wo iwájú ìbọ̀wọ́ Bàbá Rufus nínú fọ́ọ̀mù náà, wàá rí 2062.

Ọjọ́ Ajé ni Hameedat tó ń ta oògùn nísàlẹ̀ ọjà gbé tirẹ̀ wá. Ó ka ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó yí páálí kan padà, ó fi nọ́ńbà wínníwínní kan hàn mí, ó ní ohun tí wọ́n mú wá ló ń parí, kì í ṣe ẹni tó mú un wá. Yéjídé, àṣé ìbọ̀wọ́ náà ní ọjọ́ ikú! Àwa méjèèjì tú gbogbo ẹrù wò, a bá báńdéèjì mẹ́fà tó ti kú láti 2021, a yọ wọ́n kúrò. Mo wá ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, mo ní ẹ má bẹ̀rù mọ́, kò sẹ́ni tó ń kú. Ìyá Precious gbé òwú rẹ̀ padà wá, ó tún fi páálí méjì lé e. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, kò síbi tí mo lè tẹ ẹsẹ̀ sí ní pálọ̀.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo ṣí yàrá bàbá rẹ. O mọ̀ pé láti ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti papò dà, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àga onítáyà tí o rà fún wọn. Mo nù ún, mo ta epo sí ìdí táyà rẹ̀, mo jókòó sínú rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo pe Fọlárìn awakọ̀ tó ń kó ẹrù wọ̀nyí bọ̀, mo ní kó gbé e sọ́kọ̀ kíákíá kí ọkàn mi tó yí padà. Má sunkún o. Èmi náà ò sunkún púpọ̀, ìdùnnú sì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Jọ̀wọ́, fún Fọlárìn lówó epo, kí o sì fi díẹ̀ rán an sí mi, n óò fi se ìrẹsì fún àwọn tó bá mi di ẹrù. Má fi sí báǹkì. Ẹ̀rọ ara ògiri wọn yẹn ní kí n sọ nọ́ńbà àṣírí mi lójú gbogbo èèyàn, n kì í sì í sọ àṣírí fún ẹni tí a kò tíì jọ mọra.

Ọlọ́run yóò ṣíwájú yín lọ, yóò tọ́ ọwọ́ yín lára aláìsàn, yóò sì kó gbogbo yín bọ̀ láìku ẹnì kan. Ẹni yòówù tó bá jókòó sínú àga bàbá rẹ lọ́hùn-ún, bá mi béèrè orúkọ rẹ̀, kí n lè máa fi orúkọ náà gbàdúrà.

Èmi ni,
Màmá rẹ.