Gbòǹgbò Inú Ìkòkò Omi

Ajé, 12 Oṣù Karùn-ún
Wọ́n ti hú koríko mi. Ilẹ̀ mọ́, mo dé etí kòtò àgbàrá, ihò ni mo bá lọ bẹẹrẹ, bí ẹnu arúgbó tí eyín ti ká. Sẹ́ẹ̀pù ni, koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ ń ta sánsán, tí mo gbìn látọjọ́ yìí kí gbòǹgbò náà lè di yẹ̀pẹ̀ mú. Ewé rẹ̀ wà lórí ààtàn. Kò sí gbòǹgbò kankan níbẹ̀. Inú bí mi gan-an.

Ọ̀gá Sìmẹ́ńtì — orúkọ tí mo sọ ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ kòtò wa nínú ìwé yìí nìyẹn, torí lójú rẹ̀ kò sí àìsàn tí kọnkéré kì í wò — ní òun ti wí tẹ́lẹ̀. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ya etí kòtò, kọnkéré ni òun máa dà sí i látòkè délẹ̀. Kọnkéré tí kì í jẹ́ kílẹ̀ mu omi. Yàrá ìyá mi ni omi náà sì máa ń wá sùn. Ó ti pẹ́ tí ibùsùn wọn ti wà lórí bíríkì. Àpótí ni wọ́n fi ń gùn ún.

Ìṣẹ́gun, 13
Mo ti mọ olè. Gbogbo àdúgbò ni.

Mo bu omi mu nílé Astou Diop, aládùúgbò wa. Ó tutù, ó ń ta sánsán. Mo yọjú wo ìkòkò: gbòǹgbò sẹ́ẹ̀pù mi rèé, wọ́n ti dì í ní ìdì. Kí lèmi náà ń rò? Ní Pikine tiwa níbí, nínú ooru yìí, ilé wo ni kì í fi gbòǹgbò yẹn sínú omi mímu? Ìyá mi pàápàá ní ìdì kan. Mo yàwòrán kòtò títí, mi ò rántí òùngbẹ.

Mo fìbínú sọ̀rọ̀. Astou ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ wo ọmọ Ndiaye. Ìrẹsì ló gbọ́ òórùn rẹ̀ tó fi wá, ó wá ń fi koríko bojú. Ẹrú àwa Diop ni yín. Kí lẹrú ní tí kì í ṣe ti olówó rẹ̀?" Mo ní kò sí Diop tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ìkòkò ti jẹ́rìí. Ndiaye àti Diop, ìdílé méjì tó ń fi ẹ̀fẹ̀ pe ara wọn ní ẹrú, eré wa nìyẹn láti ìwáṣẹ̀. Kò gbọdọ̀ dunni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dárúkọ ibùsùn ìyá mi, ó fi eré sílẹ̀. Ó ní, "Kumba, ta ló ń gbin sẹ́ẹ̀pù síta tí kò fẹ́ ká wà á?"

Ọjọ́rú, 14
Ewé orí ààtàn ò tíì kú. Ìdí wọn ṣì tutù. A lè là wọ́n, ká tún wọn gbìn.

Àbámẹ́ta, 17
Àdéhùn wà láàárín èmi àti àdúgbò. Sẹ́ẹ̀pù ara kòtò, ti àgbàrá ni, ẹnikẹ́ni ò ní wà á. Òkè, níbi tílẹ̀ ti tẹ́jú, ti ìkòkò omi — ó di ẹ̀yìn òjò kí wọ́n tó wà á. Astou kó àwọn obìnrin jáde, a là wọ́n, a tún wọn gbìn. Omi tí wọ́n fi ń ṣan ìrẹsì ni wọ́n ń bu sí i lọ́sàn-án. Kòtò mi ń rùn bí ilé ìdáná. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kẹfà
Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀. Àgbò Astou já okùn, ó jẹ ewé mi ní ìlà kan gbáko. Astou ní àwọn Ndiaye ló kọ́ ọ ní wọ̀bìà. Kò burú. Bí wọ́n bá gé ewé sẹ́ẹ̀pù, ńṣe ló ń rú sí i.

Ẹtì, 20
Ọ̀gá Sìmẹ́ńtì yà wá. Ó fa ìdí koríko kan. Kò tu. Ó tún fà á. Mo wo ibòmíràn kí n má baà rẹ́rìn-ín.

Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Keje
Òjò. Òjò gidi.

Èmi àti Astou dúró sétí kòtò, aṣọ wa lẹ̀ mọ́ wa lára. Àgbàrá gbé bàtà, ó gbé ike, ó gun ara kòtò dé òkè. Sẹ́ẹ̀pù dọ̀bálẹ̀. Mo di apá Astou mú. Omi kọjá, sẹ́ẹ̀pù tún dìde. Yẹ̀pẹ̀ ò ya níbì kankan. Omi dé adágún oníyanrìn tá a gbẹ́ sísàlẹ̀, ilẹ̀ ń mu ún.

Ní òpópónà kejì, níbi tí kọnkéré wà, omi ti dé orúnkún. Ibẹ̀ ni Ọ̀gá Sìmẹ́ńtì ti wá, bàtà lọ́wọ́, ṣòkòtò ní kíká. Ó wo kòtò títí. Ó wá bi mí bóyá sẹ́ẹ̀pù á ṣẹ́kù fún àdúgbò àna òun. Astou gbà á lẹ́nu mi: á ṣẹ́kù, bó bá lè bẹ ẹrú òun dáadáa.

Mo borí. Jẹ́ kí n tún un kọ: mo borí.

Àìkú, 13
Ilẹ̀ yàrá gbẹ. Ìyá mi fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án kárí, títí dé abẹ́ àpótí aṣọ. Wọ́n ní kí èmi àti Astou wá gbé ibùsùn sókè. A yọ gbogbo bíríkì, a gbé e sílẹ̀.

Wọ́n jókòó. Ẹsẹ̀ wọn kan ilẹ̀.